Virpazar létí adágún Skadar: ọkọ̀ ojú omi àti wáìnì, èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Àrìnká:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Montenegro dáadáa ni mo ń bi. Nínú oṣù kẹfà, èmi àti ìyàwó mi máa lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ní Virpazar. A fẹ́ gun ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Skadar, a fẹ́ rí ẹyẹ òfú (pelican), a sì fẹ́ tọ́ wáìnì tí àwọn ará Crmnica, agbègbè àjàrà tó yí Virpazar ká, ń ṣe nílé wò. Pápákọ̀ òfurufú Podgorica la máa bọ́ sí, a ò sì fẹ́ háyà mọ́tò bí kò bá pọn dandan. Mo rí i pé wọ́n ń ta ìrìn ọkọ̀ oníwákàtí kan, oníwákàtí méjì, àti èyí tó gba ààbọ̀ ọjọ́. Èwo ló tó? Ṣé wáìnì la máa kọ́kọ́ mu ni, àbí ọkọ̀ la máa kọ́kọ́ gùn? Báwo la sì ṣe máa mọ wáìnì tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́?

Ọmọ_Odò:
Ẹ káàbọ̀, Àrìnká. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn, láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó fẹnu kan wáìnì rárá. Mo máa sọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná.

Ẹ ò nílò mọ́tò. Ọ̀nà rélùwéè tó wá láti Belgrade ní Serbia lọ sí Bar, ìlú etí òkun ní Montenegro, tí wọ́n ṣí ní 1976, gba Virpazar kọjá. Ibùdó kékeré kan tó ń jẹ́ Aerodrom wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan sí pápákọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó dorí kọ Bar ni kẹ́ ẹ wọ̀. Èyí tó ń lọ sí Podgorica á gbé yín padà sẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró ní Aerodrom, nítorí náà ẹ wo àkókò wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹrù yín bá pọ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gba takisí lọ sí ibùdó ńlá tó wà ní Podgorica, kẹ́ ẹ wọkọ̀ níbẹ̀. Apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Kẹ́ ẹ tó dé Virpazar, ojú irin máa gba orí ilẹ̀ tí wọ́n rọ́ sáàárín omi, apá òsì yẹn ni adágún sì ti tẹ́ lọ ràgàjì. Tẹ́ ẹ bá sọ̀, abúlé ò sí lẹ́nu ibùdó gan-an. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì táwọn mọ́tò ti ń sáré, torí náà ẹ kíyè sára.

Ó wá kan ọkọ̀ ojú omi. Skadar ló tóbi jù nínú àwọn adágún ilẹ̀ Balkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó tó nǹkan bíi 370 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà òtútù ó lè kọjá 500. Síbẹ̀, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ò jìn. Nítorí pé kò jìn yìí, kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá dìde kí ìgbì kéékèèké tó ń gbá ọkọ̀ pàpàpà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, omi sábà máa ń pa rọ́rọ́ bíi dígí. Lọ́sàn-án ni afẹ́fẹ́ ń dé, oòrùn náà á wá máa jó yín lókè, á tún máa ta padà láti ojú omi. Ẹni tó bá ti mu ife wáìnì mẹ́ta kó tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bì ni.

Ìrìn wákàtí kan ò tó. Òṣíbàtà àti odi àtijọ́ kan lókèèrè lẹ máa rí, ẹ ti ń padà bọ̀ nìyẹn. Oníwákàtí méjì sí mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí fún yín. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé ẹ fẹ́ dé Grmožur, erékùṣù olódi táwọn ará Ọ́tómánì kọ́, tí Nikola, ọba Montenegro, sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ pé erékùṣù Beška lẹ fẹ́ dé, níbi tí Jelena Balšić, obìnrin ọlọ́lá ayé àtijọ́, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ní nǹkan bí 1440, tí wọ́n sì sin ín síbẹ̀, ààbọ̀ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ibẹ̀ jìnnà sí Virpazar, kò sì bójú mu láti sáré wọbẹ̀ sáré jáde. Ẹ mú aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún dání, torí ilé àdúrà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúnàádúrà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kẹ́ ẹ tó sanwó: wákàtí mélòó gan-an lórí omi, èèyàn mélòó ló máa wà nínú ọkọ̀, ṣé owó ìwọlé ọgbà ìpamọ́ ìjọba wà nínú iye yẹn, àti ṣé ẹ̀wù tó ń múni léfòó wà fún olúkúlùkù. Ti owó ìwọlé yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Adágún náà ti di ọgbà ìpamọ́ láti 1983, ẹni kọ̀ọ̀kan ló sì ń san tiẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn awakọ̀ kan kà á mọ́ ọn, àwọn mìíràn ò kà á. Àwọn tó máa ń dá yín dúró lẹ́nu afárá abúlé kì í ṣe ẹni burúkú, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹni tó kọ́kọ́ pè yín sanwó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ so mọ́, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i: ṣé ìbòrí wà lórí rẹ̀, ṣé àyè wà láti jókòó láìfún ara yín pọ̀. Owó yúrò lẹ́yọ lẹ́yọ ni kẹ́ ẹ mú dání.

Ojú_Ẹyẹ:
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Odò ti sọ ọ́ kún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ òfú ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan Àrìnká jẹ. Ẹyẹ tó lé ní 250 oríṣi ni wọ́n ti rí ní Skadar, òfú sì ni àmì ọgbà náà, àmọ́ iye wọn ò pọ̀. Awakọ̀ tó bá fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ó dé ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ wọn, ẹ yẹra fún un. Orí koríko tó léfòó àti orí pákó tí wọ́n tò fún wọn ni wọ́n ń yé sí. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ibẹ̀, òfú á fò kúrò lórí ẹyin, oòrùn á máa pa ẹyin náà, kanakánà tàbí ẹyẹ omi mìíràn á sì gbé e lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì ìṣẹ́jú díẹ̀ lè ba iṣẹ́ odidi ọdún jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka ibi ìtẹ́ léèwọ̀.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti máa retí wọn ni ojú omi gbalasa tí wọ́n ti ń pẹja, tàbí ojú ọ̀run lápá òkè orí yín. Ìyẹ́ wọn tẹ́ jù, tí wọ́n bá nà án tán ó lè tó mítà mẹ́ta, torí náà ẹ ò ní ṣì wọ́n mọ̀. Ẹ mú awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni dání, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló dáa jù nínú ọkọ̀. Èyí tó bá lágbára ju ìyẹn lọ, mímì ọkọ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan. Ẹ bẹ awakọ̀ kó wá gbé yín láago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn kan ń ṣe é tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn láti àná.

Oṣù kẹfà yín yẹn dáa púpọ̀. Òṣíbàtà ti ń tanná, omi ò sì tíì fà. Tó bá fi máa di òpin oṣù kẹjọ, omi á ti lọ sílẹ̀, òṣíbàtà àti koríko tí wọ́n ń pè ní kasaronja á ti dí ojú ọ̀nà kéékèèké pa, wọ́n á sì máa yí mọ́ abẹ tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ á wá máa dúró ní gbogbo ìgbà láti fọwọ́ tú u.

Ìyá_Àjàrà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó kan èmi.

Àjàrà tó gbajúmọ̀ ní Crmnica ni Vranac. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹṣin dúdú, ó sì bá a mu, torí èèpo rẹ̀ dúdú gan-an. Àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Kratošija, àjàrà kan náà tí wọ́n ń pè ní Primitivo ní Ítálì àti Zinfandel ní Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń pò méjèèjì pọ̀. Méjèèjì dùn dáadáa tí wọ́n bá pọ́n, ìyẹn ló fi jẹ́ pé agbára ọtí inú wọn sábà máa ń tó ìdá 13 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá bu ife mẹ́rin fún yín láti tọ́ wò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 mílílítà, ẹ ti mu ju ààbọ̀ ìgò lọ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n bu 50 péré. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ohun tí òfin gbà fún awakọ̀ ní Montenegro jẹ́ gíráàmù 0.3 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ife kan ṣoṣo lè ti kọjá rẹ̀. Nítorí náà ó dáa bẹ́ ẹ ò ṣe ní háyà mọ́tò.

Abúlé tí mo máa ní kẹ́ ẹ lọ ni Godinje, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin sí Virpazar. Àwọn ilé olókùúta ibẹ̀ so mọ́ra wọn, yàrá wáìnì abẹ́ ilé kan sì lẹ́nu wọ ti èkejì, kí àwọn èèyàn lè máa kọjá láìjáde síta nígbà ogun Ọ́tómánì. Ẹ pe ilé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Oko àjàrà ni wọ́n máa ń wà nínú oṣù kẹfà, wọn kì í jókòó de àlejò. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣètò oúnjẹ pẹ̀lú rẹ̀: itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ, wàràkàṣì, ólífì, àti ẹja adágún, yálà káàpù tàbí ukljeva, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yan gbẹ. Ẹ jẹun kí ife kejì tó dé.

Mímọ èyí tó dáa ò le. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, tàbí bí oje tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọ àgbá: wọn ò kún un dénu. Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú aṣọ funfun. Bí etí rẹ̀ bá pupa bí èsè, ara rẹ̀ le. Bó bá ti ń dà bí àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ti ọdún tó kọjá ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n já àjàrà rẹ̀. Wáìnì ìkórè tó kọjá ṣì máa ń ta ahọ́n ní oṣù kẹfà. Èyí tó ti lo ọdún méjì ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá sì ti gbóná nínú oòrùn, ọtí nìkan lẹ máa gbóòórùn. Ẹ fi ìgò sínú omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú, kó wá sí nǹkan bíi 17 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àrìnká:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò ní ṣìnà o. Ó ku méjì: ṣé a lè wẹ̀ nínú adágún, báwo la sì ṣe máa gbé ìgò wálé?

Ọmọ_Odò:
Ẹ lè wẹ̀, àmọ́ ẹ wọ bàtà omi. Èso kasaronja ní ẹ̀gún mẹ́rin tó le bí ìṣó, ìsàlẹ̀ omi ló ń bọ́ sí. Ẹ má sì bẹ́ sínú omi láti orí ọkọ̀ láìbéèrè bó ṣe jìn tó.

Ìyá_Àjàrà:
Ìgò gíláàsì tí wọ́n dí lẹ́nu dáadáa ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n bu sínú ike, ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, torí afẹ́fẹ́ ń gba ara ike wọlé. Inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni kẹ́ ẹ kó ìgò sí, ẹ we ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ tún fi ọ̀rá dì í kí gíláàsì má bàa kan gíláàsì. Kẹ́ ẹ má gbàgbé: láàárín wákàtí 24 tẹ́ ẹ bá wọ ìlú, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí àlejò. Onílé tẹ́ ẹ dé sí ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ bi í ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé tó bá fún yín.