Ìrírí wa níbi àjọ̀dún iná Lumiere ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìrírí kìíní, láti Peckham

Ìyá mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu kì í ṣe òtútù, bí kò ṣe òkùnkùn tó máa ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọn a jí lójú oorun ọ̀sán, wọn a yọjú lójú fèrèsé, wọn a ní, "Ṣé ilẹ̀ tún ti ṣú ni?" Nígbà tí mo gbọ́ pé Lumiere, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi iná ṣe, yóò wáyé ní àárín ìlú láti ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2016, mo sọ fún wọn pé a óò lọ. Wọ́n béèrè iye owó ìwọlé. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní kò sí ohun ọ̀fẹ́ tí èrò kì í ya bò, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣẹ kí a tó sùn.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 16, ni a jáde. Ìyàwó mi dúró ti ọmọ nílé, èmi àti Màmá sì wọ bọ́ọ̀sì 12, Màmá wọ kóòtù ìyàwó mi lé orí kóòtù tiwọn. Nítorí pé wọ́n ti sé ọ̀pọ̀ títì West End mọ́ ọkọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní Westminster, a sì fi ẹsẹ̀ rìn.

Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni a óò lò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, ṣùgbọ́n a fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan níbẹ̀. Patrice Warrener, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi ìmọ́lẹ̀ kun ojú ilé náà níhà ìwọ̀-oòrùn, débi pé òkúta tí mo ti mọ̀ ní àwọ̀ eérú di aró, ó di osùn, ó di ewé. Lókè ẹnu ọ̀nà ńlá ibẹ̀ ni ère mẹ́wàá wà, ère àwọn Kristẹni tí wọ́n kú ikú ajẹ́rìíkú ní ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1998. Ní ọ̀sán, èèyàn lè gba abẹ́ wọn kọjá fún ọdún mẹ́jọ láìgbójú sókè, bí èmi náà ti ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó dà bí ẹni pé olúkúlùkù wọn ti múra òde. Mo wá orúkọ wọn lórí fóònù. Mo fi Martin Luther King han Màmá, wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ Janani Luwum, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ilẹ̀ Ùgáńdà tí wọ́n pa nígbà ìjọba Idi Amin, wọ́n di apá mi mú. "FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò. A gbàdúrà nítorí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa." Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀, ìyá mi kì í sì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sinmi.

Ní Trafalgar Square, àwọn oníṣẹ́ ọnà Luzinterruptus láti ilẹ̀ Sípéènì ti kó ike omi rẹpẹtẹ sínú adágún méjèèjì tó wà níbẹ̀, wọ́n sì tan iná sí wọn, láti fi sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí tó ń léfòó lójú òkun. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ògùnpa ni èyí o, wọ́n kàn tan iná sí i ni." Ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 ní Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ẹ̀gún wà nínú àwàdà yẹn.

Oríta Oxford Circus ni a dé kẹ́yìn. Àwọ̀n ńlá kan tí Janet Echelman, ará Amẹ́ríkà, ṣe ni wọ́n ta láàárín àwọn ilé sókè oríta náà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí afẹ́fẹ́ ti ń mì ín. Mo ṣàlàyé pé 1.8 tó wà nínú orúkọ rẹ̀, 1.8 London, dúró fún bí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011 ní Japan ṣe gé gígùn ọjọ́ kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Màmá ní ọjọ́ ìlú yìí kò tún yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń gé.

Ní àkókò yìí, a kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí mọ́. Àwọn tó wá láàárín alẹ́ mẹ́rin náà lé ní mílíọ̀nù kan. Àbúrò mi tó wà ní King's Cross pè pé wọ́n ti pa iná àwọn iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ nítorí èrò, kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi: "Ṣé NEPA ti dé ọ̀dọ̀ tiyín náà ni?"

Ìrírí kejì, láti Woolwich

Ẹ kú ìtàn, ẹ sì bá mi kí Màmá. Èmi kò lọ ní ọdún 2016, iṣẹ́ ló gbé mi dé ibẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2018, nígbà tí iṣẹ́ ọnà ti lé ní 50, tí wọ́n sì ti nà án dé South Bank. Ẹ̀ṣọ́ ni mí lẹ́nu ọ̀nà ilé kan nítòsí Granary Square, ní King's Cross. Fún alẹ́ mẹ́ta gbáko, mo kọ̀yìn sí iná, mo kọjú sí èrò, ìbéèrè tí mo sì dáhùn jù lọ ni ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Ní alẹ́ kẹrin, ọ̀gá mi fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì lọ dúró sí àárín gbàgede náà. Waterlicht ni wọ́n pe iṣẹ́ ọnà ibẹ̀, Daan Roosegaarde láti Netherlands ló ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ aró àti èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń bì síwá bì sẹ́yìn lókè orí wa, láti fi ibi tí omi lè kún dé hàn wá. Àwọn tó yí mi ká ń ya fọ́tò. Èmi tí mo dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, nínú yàrá tí a ti ń to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí òjò bá ti ṣú, mo na ọwọ́ sókè tán, kò tó o. Ibẹ̀ ni mo na ọwọ́ sí tí ọmọdé kan fi fa ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, tó béèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.