Humidor tuntun, ooru Ìbàdàn: kí ni mo ní láti ṣe kí n tó kó cigar sínú rẹ̀?

Akin_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Florida fi humidor onígi kan ránṣẹ́ sí mi, àpótí tí wọ́n fi ń tọ́jú cigar kó má gbẹ, èyí tó ń gba cigar 50. Ó fi cigar 20 kún un nínú ọ̀rá onísíìpù, pẹ̀lú aago kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin. Ẹni tó bá mi gbé e wá ní kí n rẹ àkísà sómi, kí n fi nu inú àpótí náà dáadáa, kí n sì kó cigar sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò tíì ṣe é, ọkàn mi ò gbà á. Yàrá mi kì í tutù, iná ń lọ ó ń bọ̀, ọyẹ́ sì ti ń sún mọ́lé. Àpótí ṣófo báyìí, aago náà ń sọ 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é? Ẹ̀bùn ni, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kúlà_Peckham

Ẹ kú oríire ẹ̀bùn. Kúlà lèmi ń lò ní London níbí, irú èyí tí a ń kó ohun mímu sí lóde ìnáwó. Ó ń dé pinpin, mo kàn to pákó cedar díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ń rẹ kànrìnkàn inú rẹ̀.

ỌmọÌsẹ́yìn_Tampa

Akin, àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Má fi àkísà olómi kan inú àpótí yẹn rárá. Ilé ìtajà cigar ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ybor City, ní Tampa níbí, àdúgbò tí Vicente Martínez Ybor bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1885 nítorí iṣẹ́ cigar. Wọ́n máa ń gbé àpótí tí wọ́n nù báyẹn wá bá wa. Pákó inú rẹ̀ á wú lẹ́ẹ̀kan náà, igun rẹ̀ á là, ìdérí ò sì ní padé mọ́.

Spanish cedar ni pákó yẹn, mọ̀lẹ́bí ọ̀gànwó tiwa ni. Wọn kì í kun inú rẹ̀ ní fáníìṣì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mu ọ̀rinrin, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá kó cigar sínú pákó tó gbẹ, ara cigar ló ti máa fa omi tirẹ̀. Pákó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu yó.

Ṣùgbọ́n dán aago yẹn wò ná, má tíì gba 58 rẹ̀ gbọ́. Wá ìdérí ìgò mínírà, bu iyọ̀ ìdáná sí i, kán omi sí i títí yóò fi rí bí iyanrìn etí odò. Kó má yọ́ di omi o. Gbé òun àti aago sínú ọ̀rá onísíìpù, dé e pinpin, kó wà bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá yẹn, 75 ló máa ń jẹ́. Tí aago bá sọ 71, á jẹ́ pé ó ń fi 4 dín in. Máa fi 4 kún ohun yòówù tó bá sọ láti ìgbà náà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Distilled water ni, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe pure water. (Kúlà_Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú kẹ́tù yín. Ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn náà ló ń di ihò kànrìnkàn yín.) Àwọn tó ń ta bátìrì mọ́tò máa ń ní i ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èyí tí èdìdì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìgò ni kó o rà. Má gba èyí tí wọ́n bù nínú kẹ́ẹ̀gì, torí ásíìdì àti omi jọ ń jókòó pọ̀ ní ìsọ̀ wọn ni. Bu omi náà sínú àwo kékeré, tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ kó má kan pákó, kó o pa àpótí dé. Má máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba méjì. Nígbà tí aago bá ti dúró sí nǹkan bí 70, tí kò lọ sókè tí kò lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, pákó ti yó nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ bá lè fi Boveda 84 ránṣẹ́ (ọ̀rá kékeré tó ń mú ọ̀rinrin dúró sí iye tí wọ́n kọ sí i lára), ó tún rọrùn jùyẹn lọ: jù ú sínú rẹ̀, pa á dé fún ọjọ́ 14. Inú ọ̀rá wọn ni kí cigar ṣì wà ní gbogbo àkókò yìí.

Ooru ló ń kọ mí lóminú jù nípa tìrẹ. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ tábà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò tó orí ìṣáná. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú cigar tó dára lójú, tí ooru bá sì ti ń kọjá 25°C ó lè pa. Yàrá Ìbàdàn ń dé 30 dáadáa. Ihò róbótó lo máa kọ́kọ́ rí, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú nísàlẹ̀ àpótí, á sì ti ara ọ̀kan ran ìyókù. Nítorí náà, di àwọn 20 yẹn sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan nínú èkejì, fi wọ́n sí fíríìjì fún ọjọ́ 1, fírísà fún ọjọ́ 3, dá wọn padà sí fíríìjì fún ọjọ́ 1, kó o tó gbé wọn síta. Tó o bá ti inú fírísà gbé wọn sínú ooru tààrà, ewé òde á ya. Fírísà tó ń yọ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bẹ ẹni tó ní sólà kó bá ọ fi sí tirẹ̀.

Délé_Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù ni kó o gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn kì í pa. Má gbé e sórí fíríìjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná. Má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ AC máa fẹ́ lù ú.

Akin_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi aago sínú ọ̀rá iyọ̀. Ó ku ohun kan: márùn-ún nínú àwọn cigar náà ti le, wọ́n ń dún pẹrẹpẹrẹ tí mo bá tẹ̀ wọ́n. Ṣé mo lè tètè dá omi wọn padà kí ọyẹ́ tó dé?

ỌmọÌsẹ́yìn_Tampa

O lè dá a padà, ṣùgbọ́n má kánjú sí i. Bàbá mi gbin tábà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Tí ewé bá ti gbẹ tán nínú abà, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, torí wuruwuru ló máa rún sí wa lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn abà la máa ń ṣí sílẹ̀ lóru kí ìrì wọlé. Tó bá di ìdájí, ewé kan náà á ti rọ̀, wàá ká a mọ́ ìka láìya, ìgbà yẹn la máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A ò jẹ́ bu omi wọ́n ọn, torí ewé tá a bá fomi wọ́n máa ń bu nínú ìdì. Cigar náà ò yàtọ̀. Tó o bá fún un lómi lójijì, ewé inú á wú ju tòde lọ, tòde á sì là.

Nígbà tí àpótí bá ṣe tán, kó àwọn márùn-ún yẹn sí i pẹ̀lú Boveda 62 ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, gbé 65 rọ́pò rẹ̀, kó o fi àwọn tó kù kún wọn. Àwọn kan á sọ pé 72 ni. Mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn ìyẹn nínú ooru Ìbàdàn, ó máa ń bu. Tó o bá rí irun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára ọ̀kan, yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà, kó o sì yẹ àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ wò. Má kó àpótí kún dẹ́nu, 35 ti tó nínú 50 yẹn.

Nígbà ọyẹ́, máa tẹ Boveda wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti le gbandi, ó ti gbẹ, pààrọ̀ rẹ̀. Ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ fi 65 mẹ́rin ránṣẹ́ ṣáájú December, méjì nínú àpótí, méjì nípamọ́. Kó o sì sọ ohun tí aago bá kà nínú ọ̀rá iyọ̀ fún wa níbí lọ́la kó o tó bu omi sí àwo.