Báwo la ṣe lè wọn ipa ilé-iṣẹ́ lórí ìdàgbàsókè alágbéró ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwádìí kan wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ka ìjábọ̀ ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan tó ń ṣòwò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń ṣiṣẹ́ fún Àfojúsùn 17 lórí ìdàgbàsókè alágbéró tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015, èyí tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030. Wọ́n á fi àmì aláwọ̀ mèremère ti àwọn àfojúsùn náà ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á wá kọ iye kànga tí wọ́n gbẹ́, iye igi tí wọ́n gbìn àti iye owó tí wọ́n ná. Ohun tí n kò rí kà ni ohun tó yí padà nínú ayé àwọn tí wọ́n gbẹ́ kànga fún. Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n kan wà tí mo lè gbé gbogbo wọn lé?

Èsì kìn-ín-ní

Ibi tí ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n ṣe àwọn àfojúsùn yẹn fún, pẹ̀lú ìlépa 169 tó wà lábẹ́ wọn. Wọn kò ṣe wọ́n fún ilé-iṣẹ́. Atọ́ka 12.6.1, ọ̀kan lára àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí àwọn ìlépa náà ṣe ń lọ, kan ilé-iṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, àmọ́ iye ilé-iṣẹ́ tó gbé ìjábọ̀ jáde ló ń kà. UNCTAD, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí òwò àti ìdàgbàsókè, gbìyànjú láti dí àlàfo náà lọ́dún 2019, nígbà tó gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde tó ní atọ́ka 33 lórí ọrọ̀ ajé, àyíká, àwùjọ àti ìṣàkóso. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó ń béèrè ti wà nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀: omi tí wọ́n lò, owó orí tí wọ́n san, ọjà tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò agbègbè, ìjàǹbá tó ṣe àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èsì òkè yìí, ṣùgbọ́n atọ́ka nìkan kò lè dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Kànga tí wọ́n gbẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Àkókò tí àwọn obìnrin àti ọmọdé kò fi rin ìrìn omi mọ́ ni èso iṣẹ́ náà. Kí ẹ tó lè mọ èso yìí, ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ bí nǹkan ṣe rí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga, kó padà lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti wò ó bóyá omi ṣì ń jáde, kó sì wo àwọn abúlé tó jọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ kànga sí. Bí ìyípadà kan náà bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú, bóyá nítorí pé ìjọba gbé omi ẹ̀rọ wá sí gbogbo agbègbè, ilé-iṣẹ́ náà kò lè sọ pé tòun ni. Mélòó nínú àwọn ìjábọ̀ tí ẹ kà ló kọ bí nǹkan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀?

Èsì kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí kànga gba gbogbo àfiyèsí yín. Òfin ilé-iṣẹ́ tí Íńdíà ṣe lọ́dún 2013 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá máa ná ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn, ní ìṣirò àròpín ọdún mẹ́ta, fún ire àwùjọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èrè yòókù gbà wọlé ló ń dùn mí jù. Ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́ kànga mẹ́wàá tó sì ń da májèlé sódò ti gba ju ohun tó fúnni lọ. Owó orí náà ńkọ́? Ìlànà GRI 207, tí GRI, àjọ kan tó ń ṣe ìlànà fún ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́, gbé jáde lọ́dún 2019, ń béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ kọ owó orí tó san ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí i bóyá ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ ni owó orí ń wọlé sí.

Ẹ sì fi etí sí àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ilé Rana Plaza wó ní Bangladesh lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ó lé ní 1,100 ènìyàn tó kú, bẹ́ẹ̀ àwọn olùyẹ̀wò ti dé díẹ̀ nínú àwọn ilé ìránṣọ tó wà níbẹ̀ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i pé ògiri ti sán, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti wọlé, àwọn ọ̀gá wọn sì fi ipá mú wọn wọlé.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Màá ya iṣẹ́ àánú sọ́tọ̀ kúrò lára òwò gan-an, màá sì wá àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan: bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá jọ wà ní agbègbè kan, báwo ni mo ṣe máa pín ìyípadà náà láàrin wọn?

Èsì kejì

Ẹ má pín in. Ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, àsìkò tó ṣe é, àti ohun tí àwọn ará agbègbè sọ pé ó tibẹ̀ wá. Bí iye kan bá wà tí ẹ̀rí yín kò lè gbé, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú àtẹ.