Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ Elie Wiesel àti bàbá rẹ̀ yìí
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìwé tí Elie Wiesel, Júù kan tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ tó sì yè, kọ nípa àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì (ìjọba Hitler ní Jámánì) ni mo ń kọ àròkọ lé lórí, ibì kan níbẹ̀ ò sì jẹ́ kí n sùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, bàbá rẹ̀ kú ní Buchenwald, ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà. Ọmọ ò lè sunkún. Ó tún jẹ́wọ́ pé, nínú ọkàn òun lọ́hùn-ún, àfi bíi pé ẹrù kan kúrò lọ́rùn òun. Kí n má purọ́, inú kọ́kọ́ bí mi sí i. Àmọ́ ọmọ ọdún 16 ni, ebi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà.

Mo tún ka ti Primo Levi, Júù ará Ítálì tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ mìíràn, Auschwitz. Àìsàn ló dá a dúró síbẹ̀ nígbà tí àwọn Násì ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù rìn lọ nínú òtútù, ọ̀pọ̀ wọn sì kú sọ́nà. Àìsàn ló yọ ọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè pe irú yíyè báyìí ní ìṣẹ́gun? Olùkọ́ mi ti ní òun ò fẹ́ ìtàn akọni. Ta ló sì mọ irú ìwé báyìí tí obìnrin kọ? Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi sílẹ̀.