Asúfèé-yanrìn ni mo fara mọ́: èsì fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pè é ní àparò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo béèrè orúkọ tí a lè pe ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń ṣọ́ bí ẹyinjú létí omi Montrose ní Chicago níbí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní piping plover. Ọmọ kan nínú kíláàsì Yorùbá tí mo ń kọ́ láràárọ̀ Sátidé ló bi mí. Mo ní “ẹyẹ etí omi” ni. Ó wò mí títí, ó ní pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dáhùn pé ká pè é ní àparò etí omi. Àbúrò kan ní ọlọ́jàá-àyà, nítorí ìlà dúdú tó gba àyà rẹ̀ kọjá. Ẹlòmíì ní apákán, torí pé bí ènìyàn bá súnmọ́ ẹyin rẹ̀, yóò máa wọ́ apá nílẹ̀ bí ẹni pé ó ti kán, kí a lè máa tẹ̀lé e kúrò níbẹ̀. Ìyá wa kan wá mú asúfèé-yanrìn wá, ẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Òun ni mo fara mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo rí ohun tẹ́ ẹ rí. Ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, àwọ̀ ilẹ̀ náà ló sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni àparò ń rán Yorùbá létí. Ẹyẹ tiwa yìí, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹyin adìẹ kan ṣoṣo lọ. Kì í wa ọkà, kòkòrò àti ekòló ló ń jẹ. A sì ní gbogbo àparò kan ò ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Èyí tí mò ń wí yìí ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ebè.

Ọlọ́jàá-àyà dùn mọ́ mi nínú ju ti àparò lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹyẹ kan wà káàkiri Chicago níbí, killdeer, tó máa ń yé sórí òkúta wẹ́wẹ́ níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀: ọ̀já méjì ni tirẹ̀, ó sì tóbi ju tiwa lọ. Òmíràn tún ń kọjá níbí lóṣù karùn-ún, semipalmated plover, ọ̀já kan ni òun náà ní. Báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ èwo ni èwo? Ẹ̀yìn ni kó wò. Ẹ̀yìn èyí tó ń kọjá lọ dà bíi yanrìn tí omi ti rin. Ẹ̀yìn tiwa dà bíi yanrìn tó ti gbẹ lójú oòrùn. Tí òtútù bá sì dé, ọ̀já náà á ṣá, ìdí ẹnu rẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn á sì dúdú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń pọ́n bí ọsàn lọ títí. Kí la fẹ́ fi orúkọ tó ń ṣá ṣe?

Ti apákán, ọgbọ́n tí killdeer ń dá náà nìyẹn. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lóṣù keje 2024, mo dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, n kò rí nǹkan kan. Yanrìn ni mò ń wò. Àfi bí díẹ̀ nínú yanrìn náà ṣe gbéra, ó sáré, ó dúró gbagidi, ó tún sáré. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń gbọ̀n ọ́n rìrì lórí ibi tí omi ti rin, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè yíra, ó sì ṣà á jẹ. Ó wá fọhùn. Ìró méjì péré ni, èkíní ròkè, èkejì rẹlẹ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: píì-lò.

Ìró yẹn la wá ń jà lé lórí. Ẹnìkan kọ̀wé pé “afọnfèrè” ló yẹ, torí pé fèrè ló wà nínú orúkọ tí òyìnbó fún un. Rárá o. Ẹni tó fọn fèrè, ó mú fèrè lọ́wọ́. Tá a bá sì sọ pé ẹranko ń fọn, erin ni. Àkùkọ ní í kọ, ajá ní í gbó. Ohùn tó tinrín, tó mọ́, tó ti ẹnu jáde láìsí ohun èlò, súfèé ni Yorùbá ń pè é. Ẹ̀gbọ́n kan ní orúkọ náà kò bójú mu, pé àwọn òbí wa kì í jẹ́ kí ọmọ súfèé lálẹ́ nítorí ejò. Ẹyẹ náà kò mọ̀ ọ́n ní èèwọ̀.

Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń sọ àwọn ẹyẹ yìí lórúkọ níbí. Tọkọtaya tó kọ́kọ́ yé síbẹ̀ ní 2019, Monty àti Rose, orúkọ Montrose gan-an ni wọ́n là sí méjì fún wọn. Ọmọ wọn, Imani, padà wá, òun àti Sea Rocket sì pa ọmọ ní 2024. Ọ̀kan ṣoṣo ló yè nínú àwọn ọmọ náà. Nagamo ni wọ́n sọ ọ́, èdè Ojibwe ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ó ń kọrin”. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún irú ẹyẹ náà lédè Látìn, melodus, ohùn dídùn náà ló ń sọ. Ẹ̀yà méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn, ohùn ni wọ́n gbá mú. Àwa la wá fẹ́ máa wá àparò kiri.

Ẹni tó ní “asúfèé-yanrìn” lè dún bí ẹni tó ń fi súfèé pe yanrìn, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ igbó, kì í ṣe pé ó ní igbó. Orúkọ ni asúfèé ti dà, ibi tó ń gbé ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ ọ́ pé “ẹyẹ tó ti run”. Ẹyẹ tó ti run kò sí mọ́. Kódà “ó ń run lọ” kò bá tiwa mu. Lẹ́bàá àwọn adágún ńlá tó wà níbí, nǹkan bíi tọkọtaya 17 ló kù ní 1986 tí òfin dáàbò bò wọ́n. Ní 2025 wọ́n ka 88. 150 ni wọ́n ń lé. Ajá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kannakánná àti ẹsẹ̀ àwọn tó wá gbafẹ́ kò tíì fi wọ́n sílẹ̀, nítorí náà “ẹyẹ tí ewu àkúrun ṣì wà lórí rẹ̀” ni kẹ́ ẹ kọ, bó tilẹ̀ gùn.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwọn ìbátan ẹyẹ yìí ń sáré lórí yanrìn etíkun ilé náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí ní Ìlàjẹ tàbí Àgbádárìgì, ẹ bi àwọn apẹja léèrè ohun tí wọ́n ń pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Bí orúkọ bá ti wà lẹ́nu wọn, màá fa asúfèé-yanrìn sẹ́yìn láìjanpata.