Ẹ gbà mí o, wọ́n fẹ́ la ikùn ajá mi

Ìyá Kẹ́mi: Ẹ̀yin ará, ó ti sú mi. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lójú ara ajá mi, àwọn akọ ajá ò sì jẹ́ ká rìn ní pápá. Dókítà ẹran níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní kókó wà nínú ilé-ẹyin rẹ̀, àfi kí wọ́n la ikùn. Mo ní kí wọ́n gba ihò kékeré ṣe é, kí wọ́n máa fi kámẹ́rà wo inú, wọ́n kọ̀. Ihò 3 péré ni wọ́n dá sára ajá aládùúgbò mi! Wákàtí 2 ni wọ́n tún fi dá mi jókòó. Ṣé kí n wá ibòmíràn lọ?

Àkàndé: Báwo ló ṣe tóbi tó? Kókó kékeré ni kámẹ́rà mú. Wọ́n á fi gáàsì wú ikùn, wọ́n á yí ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á jó iṣan ẹ̀jẹ̀ pa kí wọ́n tó gé. Inú àpò ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó kókó náà sí kí wọ́n tó fà á jáde. Bó bá fọ́, tàbí tó kan etí ihò, jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀.

Màmá Ṣadé: Ọ̀rọ̀ ìjókòó kọ́ lo bá wá. Ṣé wọ́n ti ya fọ́tò àyà rẹ̀, ọ̀tún, òsì àti ẹ̀yìn, bóyá jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀fóró? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kókó tó ń tú ẹ́sítírójìn, èròjà ara abo, jáde lè ba mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá mọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ìyá Kẹ́mi: Ẹ̀jẹ̀ dáa, fọ́tò mọ́. Ọmọ ọdún 9 ni. Ẹ má bá mi wí, èmi kọ́ ni mo fi kókó sí i. Wọ́n tiẹ̀ tún fẹ́ yọ ilé ọmọ mọ́ ọn!

Délé: Títóbi nìkan kọ́. Wọ́n lè fẹ ojú ihò kan, kí wọ́n fa àpò jáde.

Àkàndé: Ìyẹn bó bá tó ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá tó àgbọn, ihò tí yóò gbà á ti di lílà. Ìyá Kẹ́mi, sẹ̀ǹtímítà mélòó?

Ìyá Kẹ́mi: Ìwé ní 11. Omi díẹ̀ wà nínú ikùn. Ilé ọmọ wú, nǹkan tó ki wà nínú rẹ̀. Láti àná ló ti ń mumi ṣáá, kò sì fẹ́ dìde.

Màmá Ṣadé: Háà! Ó lè jẹ́ ọyún ló kún ilé ọmọ yẹn, ó lè bẹ́ sínú ikùn. Pe dókítà yẹn báyìí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún kókó yẹn láti ìta ikùn.

Délé: Omi inú ikùn ni wọ́n lè fà wò, kì í ṣe kókó.

Àkàndé: Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ ránṣẹ́ sí láàbù.

Ìyá Kẹ́mi: Wọ́n ní kí n gbé e wá báyìí. Ó ti tọ́ ìrẹsì wò láàárọ̀ o.

Màmá Ṣadé: Sọ fún wọn, àti aago tó jẹ ẹ́, torí oorun iṣẹ́ abẹ.