Kí ni ká pe interrupt: ìdílọ́wọ́ àbí àgò?

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún, wọ́n dábàá pé ká pe interrupt, ìyẹn ìpè tí ẹ̀rọ kan fi ń ké sí prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ní “ìdílọ́wọ́”, ká pe driver, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ kan, ní “awakọ̀”. Awakọ̀ kò bá a mu rárá. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ lọ́dún 1859, wọn kò pe newspaper ní “bébà tuntun”. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. “Atọ́kùn” tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá fún driver tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìdílọ́wọ́ ni mi ò lè gbà, torí ó ń ṣi àwọn tó ń wá ìdí àìsàn kọ̀ǹpútà lọ́nà. Wọ́n gbé ọ̀kan tó ń lo Linux (ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà bíi Windows) wá síbi tí a ti ń tún un ṣe ní Pánsẹ́kẹ. Ṣe ló kàn ń kú lójijì. Ìlà tó gbẹ̀yìn lójú rẹ̀ ni “Kernel panic - not syncing: Fatal exception in interrupt”. Lókè, níwájú “Comm”, orúkọ bíráúsà ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní bíráúsà ló dí kánẹ́ẹ̀lì (kernel, ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ) lọ́wọ́, ó fẹ́ yọ bíráúsà náà dànù.

Bíráúsà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló kàn wà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kan ké sí kánẹ́ẹ̀lì. Àárín àmì IRQ (ìkékúrú fún ìpè interrupt) méjèèjì nínú Call Trace, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí kánẹ́ẹ̀lì ń ṣe kó tó kú, ló yẹ ká wò: ohun tí kánẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti dá ẹ̀rọ náà lóhùn ló wà níbẹ̀, èyí tó ṣe kẹ́yìn ló wà lókè. Ìlà tó bá ní àmì ìbéèrè níwájú, ẹ má gbára lé e. Èyí tó bá ti inú module (ègé ètò tí wọ́n ń fi kún kánẹ́ẹ̀lì, bí atọ́kùn) wá, orúkọ module náà á wà nínú àkámọ́ onígun. Atọ́kùn káàdì Wi-Fi ló ń jáde nígbàkigbà tó bá kú. Wọ́n dí atọ́kùn náà lọ́nà kó má bàa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́, wọ́n fi wáyà rọ́pò Wi-Fi, kọ̀ǹpútà náà kò sì kú mọ́.

Àgò ni mo dábàá. Àlejò á kágò lẹ́nu ọ̀nà, onílé á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á dá a lóhùn, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Linux pàápàá máa ń kọ ọ́ pé “irq 16: nobody cared”, tí àgò tó lé ní 99,900 nínú 100,000 lórí nọ́ńbà kan (nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí àgò ń gbà wọlé) kò bá rí ẹni dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà á ti nọ́ńbà ọ̀hún pa. “Kò sẹ́ni tó dáhùn àgò” á yé ọmọdé. “Kò sẹ́ni tó dáhùn ìdílọ́wọ́” ńkọ́? Ta ló ń dáhùn ìdílọ́wọ́?

Ẹnìkan ní alágò máa ń dúró, pé interrupt kì í dúró. Ó ń dúró! Prósẹ́sọ̀ lè di etí fúngbà díẹ̀ tó bá ń ṣe ohun tí kò gbọ́dọ̀ já lágbede méjì, àgò á sì wà nílẹ̀ dè é. NMI, ìyẹn “non-maskable interrupt”, ni kò ṣeé di etí sí bẹ́ẹ̀; ìyẹn ni mo lè fi “ìdílọ́wọ́” sílẹ̀ fún.

Ó ku interrupt handler, ìyẹn apá ètò tó ń dá àgò lóhùn. “Adágòlóhùn” ni mo ní, ó sì gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.